Iná Jíìpù Tí Kò Fọ́

Méjèèjì ló pé. Kò sí èyí tó sán nínú wọn, kò sí èyí tí gíláàsì rẹ̀ tilẹ̀ ha.

Shaarkan kúnlẹ̀ ti òkìtì ìgbẹ́ màlúù gbígbẹ tí wọ́n tò sẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé Duulat, èyí tí wọ́n máa fi dáná nígbà òtútù. Ó fa iná iwájú ọkọ̀ méjì jáde láàrin rẹ̀, ó gbé wọn lé orí gèlè ara rẹ̀ tó tẹ́ sílẹ̀, ó fi àtàǹpàkò nu ti àkọ́kọ́, ó nu èkejì. Ìdọ̀tí lásán ni. Abẹ́ ìdọ̀tí náà, gíláàsì ń dán gbinrin.

"Olúwa o," ló sọ jẹ́jẹ́. "Kí ni ọkùnrin yìí ń dán wò?"

Àfi ká mú ọ̀rọ̀ náà láti ìdí kó lè yéni. Bàbá àgbà kan tó ń jẹ́ Mamyr ni ọkọ̀ gbá pa nírọ̀lẹ́, ní kọ́nà tí títì Kök-Jar ti yà lẹ́bàá odò. Àsìkò tí gbogbo agbo ẹran ń ti orí òkè sọ̀ kalẹ̀ bọ̀ wálé ni, òjò wínníwínní sì ń rọ̀. Ẹni tó gbá a kò dúró. Nígbà tí wọ́n fi máa rí bàbá náà, ẹ̀mí ti bọ́. Ẹ̀wù awọ àgùntàn rẹ̀ wà lọ́rùn rẹ̀, ó ti yí irun rẹ̀ síta bí àwọn àgbà ìlú náà ti máa ń ṣe bí òjò bá ń rọ̀, ọmọ àgùntàn kan tó yarọ sì ń ké lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Àfọ́kù gíláàsì iná ọkọ̀ wà nílẹ̀ níbẹ̀.

Ilẹ̀ mọ́. Kí ni àwọn aládùúgbò rí? Duulat, awakọ̀ jẹ́jẹ́ tí gbogbo ayé mọ̀, ló bẹ̀rẹ̀ mọ́ iwájú jíìpù àtijọ́ rẹ̀ nílé, tó ń tú iná rẹ̀, tó ń fi tuntun sí i. Wọ́n ní ti tẹ́lẹ̀ dà? Ó ní òun ti jù ú sódò. Ó parí! Azat, ọlọ́pàá kékeré tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé wá láti ìlú ńlá, kó ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ sí i lọ́wọ́, ó ní kí wọ́n fi ọkọ̀ ẹ̀wọ̀n ránṣẹ́. Ọ̀sán òní ni ọkọ̀ náà ń bọ̀. Ẹni tí ọkọ̀ yẹn bá sì ti gbé, kíá kọ́ ló ń padà wá. Jazgul, ìyàwó Duulat, wà nínú oṣù tí yóò bí.

Ẹni tó ṣẹ̀ a máa fi ohun tó lè kó bá a pamọ́. Ìyẹn kò ṣàjèjì sí Shaarkan, ẹnu iṣẹ́ ọ̀tẹ̀lẹ̀múyẹ́ ló ti hu ewú. Ṣùgbọ́n ta ni ń kó ohun tó máa gbà á là pamọ́ sínú ìgbẹ́?

"Ẹ̀gbọ́n," Azat ló dúró lẹ́yìn rẹ̀, ó di imú mú, "báwo lẹ ṣe mọ̀ pé ibẹ̀ ló wà?"

"Ìyàwó rẹ̀ ló sọ fún mi."

"Èmi kẹ̀?" Jazgul fi ọwọ́ gbá àyà lẹ́nu ọ̀nà ilé ìdáná. "Ẹ̀gbọ́n, mi ò la ẹnu mi! Mo fi ọmọ inú mi búra!"

"Má fi ọmọ búra o jàre. Ẹsẹ̀ rẹ ló sọ ọ́. Láti ìgbà tí mo ti jókòó síbí, o ti kóná sí tíì lẹ́ẹ̀mejì. Òkìtì yìí ló wà lẹ́nu ọ̀nà rẹ, ó gbẹ dáadáa. O fi í sílẹ̀, o wá gbé ikùn ràgàjì yìí yí ilé ẹran po, o lọ ń kó tútù wá láti ẹ̀yìnkùlé. Kí ló wà nínú ti iwájú ilé tí o ń sá fún?"

Jazgul fi ẹ̀yìn ti ògiri, ó sì rọra jókòó sílẹ̀.

"Ó ní n ò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn án," ló wí. "Ó ní bí ẹnikẹ́ni bá rí i, ó máa pa èèyàn mìíràn. Mo rò pé wọ́n ti fọ́ ni. Mi ò wò ó. Ẹ̀rù ò jẹ́ kí n wò ó."

"Wá wò ó báyìí."

Ó wò ó. Ó tún wò ó. Ó wá bú sẹ́rìn-ín, ẹkún sì bá ẹ̀rín náà jáde. "Wọn ò fọ́! Wọn ò fọ́ rárá! Ọkọ mi kọ́! Azat, o ò rí i? Lọ tú u sílẹ̀! Kí lo dúró ń wò?"

Azat yún orí. Ọmọ náà kì í ṣe èèyàn burúkú, ìwé ló kà ju ohun tí ojú rẹ̀ ti rí lọ. "Ó lè jẹ́ pé iná mìíràn ni wọ̀nyí," ló wí. "Ó lè jẹ́ pé èyí tó fọ́ ló jù sódò, tó wá kó èyí síbí láti fi tàn wá."

"Tó bá fẹ́ tàn wá, kì í ṣe pé yóò ti sọ fún wa ká lọ wú u?" Shaarkan na ọwọ́. "Gbé àfọ́kù yẹn wá."

Azat yọ ọ́ nínú ọ̀rá. Shaarkan gbé e lé orí ọ̀kan nínú iná méjèèjì, ó yí i síhìn-ín, ó yí i sọ́hùn-ún.

"Wo àwọn ìlà tí wọ́n fín sínú gíláàsì. Ti Duulat dà gẹ̀rẹ́ lọ sápá òsì. Ti àfọ́kù yìí ńkọ́?"

"Ọ̀tún ni." Azat tẹ orí mọ́ ọn. "Àbí mo gbé e sódì ni?"

"O ò gbé e sódì. Ilẹ̀ Japan ni jíìpù Duulat ti wá. Apá òsì títì ni wọ́n ń gbà lọ́hùn-ún, ìdí nìyẹn tí ìdarí ọkọ̀ wọn fi wà lápá ọ̀tún. Iná wọn máa ń gbé ojú sókè sápá òsì, kí awakọ̀ lè rí ẹni tó wà nínú koríko. Kó irú iná bẹ́ẹ̀ wá sílùú àwa tá à ń gba ọ̀tún, ta ni iná yẹn máa gbé ojú sí?"

"Ẹni tó ń bọ̀ níwájú," Azat dáhùn. Ó ti ń yé e. "Ojú rẹ̀ gan-an! Ẹ̀gbọ́n, gbogbo wa ló ti rí èyí rí. Ìdajì jíìpù àfonífojì yìí ló rí bẹ́ẹ̀, bí wọ́n bá pàdé ẹ, èébú ni wàá máa bú wọn títí wàá fi délé."

"Ó káre. Àfọ́kù yìí wá ńkọ́?"

"Ti ọkọ̀ tí wọ́n ṣe fún ọ̀nà tiwa ni. Kì í ṣe ti Japan." Ojú rẹ̀ là. "Lọ́rì Satar! Satar tó ń kó èédú! Ti Rọ́ṣíà ni!"

*

Satar kò jìnnà. Orí àga ló wà níwájú ilé, ó ń jẹ hóró èso apricot, ó ń tu èèpo rẹ̀ sílẹ̀ bí ẹni tí ayé ò kàn. Bó ti gbọ́ ohun tí wọ́n bá wá, ó bú sẹ́rìn-ín.

"Lọ́rì mi ló pa Mamyr? Ẹ gbà á lọ́wọ́ mi! Ẹ wá mú un!"

Ó mú wọn dé ẹ̀yìnkùlé. Lọ́rì náà jókòó sórí òkúta, kò ní táyà kan ṣoṣo. Adìyẹ ti yé ẹyin sórí ìjókòó awakọ̀. Iná rẹ̀ méjèèjì pé, eruku orí wọn ti nípọn tó bẹ́ẹ̀ tí ọmọ kan ti fi ìka ya kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ sí i.

"Láti ìgbà tí yìnyín ti yọ́ ni mo ti ń wá táyà," ni Satar wí. "Bí ẹ bá lè jẹ́ kó rìn dé ọgbà ẹ̀wọ̀n yín, mo máa bá yín dúpẹ́, ẹ jẹ́ kí wọ́n bá mi tún un ṣe níbẹ̀." Ó wo ojú Azat. "Ọlọ́pàá, ṣé ìwé ni wọ́n fi kọ́ ẹ níṣẹ́ yìí ni, àbí wọ́n fi ojú kọ́ ẹ?"

Etí Azat pọ́n bí ata.

Nígbà tí wọ́n ń padà lọ sí àgọ́ ọlọ́pàá, Shaarkan ń tún gbogbo rẹ̀ rò. Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ju èje lọ, ohun tó sì ń yọ ọ́ lẹ́nu kì í ṣe ọkọ̀ mọ́. Duulat ni. Ó lè gba ara rẹ̀ là pẹ̀lú gbólóhùn kan péré: ẹ lọ wo inú ìgbẹ́. Ó gbé ẹnu dákẹ́. Kò síbi tí ènìyàn ti ń gbé ẹnu dákẹ́ bẹ́ẹ̀ nítorí ara rẹ̀. Nítorí ẹlòmíràn ni.

Ó ti rí nǹkan mìíràn nílé náà tí kò sọ fún Azat. Lára ògiri ilé ẹran, ẹnì kan ti fi ṣọ́ọ̀kì fa ìlà gbọọrọ, ó tún ṣe àmì àgbélébùú sí i ní ìwọ̀n gíga iná jíìpù. Awakọ̀ a máa ṣe bẹ́ẹ̀ bí ó bá ti pààrọ̀ iná tán. Yóò kọjú ọkọ̀ sí ògiri, yóò máa fi sukudiráfà yí ìdè iná náà díẹ̀díẹ̀, yóò máa wò ó títí ìmọ́lẹ̀ yóò fi wálẹ̀ síbi tó yẹ. Ẹni tó ń sá fún ẹ̀wọ̀n kì í ráyè fi ṣọ́ọ̀kì wọn iná lójú gbogbo àdúgbò. Ẹni tó ń ṣe bẹ́ẹ̀, ohun kan ló ń wù ú pé kí òun ti ṣe tipẹ́.

*

Yàrá kékeré kan tí wọ́n ń kó àga àfọ́kù sí ni wọ́n ti Duulat mọ́. Nígbà tí Shaarkan gbé iná méjèèjì sórí tábìlì níwájú rẹ̀, ọkùnrin náà di ojú.

"Ẹ̀gbọ́n," ló wí, "ẹ jọ̀ọ́, ẹ dá wọn padà síbi tí ẹ ti gbé wọn."

"Jazgul ti rí wọn. Ó ní kí n mú ẹ bọ̀ wálé."

"Jazgul ò mọ ohun tó ń sọ."

"Ìwọ mọ̀ ọ́n? Ọkọ̀ ń bọ̀ wá gbé ẹ lọ́sàn-án yìí o, Duulat. Ìyàwó rẹ máa rọbí, ìwọ máa wà lẹ́yìn irin. Ọmọ ẹ máa kọ́ bí wọ́n ṣe ń pe 'bàbá' lára fọ́tò. Ṣé ohun tó ò ń wá nìyẹn?"

Ó gbé orí kọ́.

Shaarkan fa àga kan tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ń mì, ó jókòó. "Ó dáa. Èmi máa sọ ọ́, ìwọ kàn máa gbọ́. O kò gbá Mamyr. Iná rẹ kò fọ́. Ṣùgbọ́n o wà ní kọ́nà yẹn nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, o ń bọ̀ wálé. Òjò ń rọ̀. Ẹnì kan ń bọ̀ níwájú rẹ, iná rẹ yìí sì lọ sínú ojú rẹ̀. Kò rí ọ̀nà mọ́."

Duulat la ojú, ó wo iná méjèèjì.

"Ó ṣẹ́jú iná sí mi," ló wí. Ohùn rẹ̀ wálẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí Shaarkan fi sún mọ́ ọn. "Ó ṣẹ́jú ẹ̀, ó tún ṣẹ́jú ẹ̀. Ó ń bẹ̀ mí. Kí ni mo lè ṣe? Mo ti rẹ iná náà sílẹ̀, Ẹ̀gbọ́n. Bí mo bá rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀ gan-an ló ń lọ sójú èèyàn. Mo ní kó máa lọ jàre, gbogbo wọn ló máa ń ṣẹ́jú sí mi, ó ti mọ́ mi lára. Mo kọjá. Mo wo dígí, mo rí i tí ọkọ̀ rẹ̀ fò sókè bí ẹni pé ó gun òkúta. Kò dúró. Èmi náà ò dúró."

"Ìgbà wo lo ra iná tuntun?"

Ìbéèrè yẹn ló fọ́ ọ. Ó fi orí lé tábìlì, láàrin iná méjèèjì, ó sì sunkún bí ọmọ tí wọ́n já lọ́mú.

"Ó ti wà nílé láti ìgbà ìrúwé! Ó wà nínú kọ́bọ́ọ̀dù, Jazgul ń fi abọ́ lé e lórí! Ojoojúmọ́ ló ń sọ ọ́, 'Duulat, pààrọ̀ iná yẹn, o máa fọ́ ojú èèyàn.' Mo ní ọ̀la. Ìdè mẹ́ta péré ni, Ẹ̀gbọ́n! Wàá tú òrùka rẹ̀, wàá fa iná jáde, wàá yọ ṣọ́kẹ́ẹ̀tì ẹ̀yìn rẹ̀, wàá ki tuntun bọ̀ ọ́. Kí tíì tó tutù, ó ti parí. Mo ní ọ̀la, ọ̀la. Ìgbà tí mo gbọ́ ikú bàbá yẹn láàárọ̀ ni ọwọ́ mi tó mọ bó ṣe máa ṣe é."

Àbámọ̀ ní í gbẹ̀yìn ọ̀rọ̀. Shaarkan jẹ́ kó sunkún tẹ́rùn. Ó ti gbọ́ ẹkún ọ̀daràn, ó ti gbọ́ ti aláìṣẹ̀, èyí kò jọ ọ̀kankan nínú méjèèjì.

"Kí ló dé tí o ò jù wọ́n sódò lóòótọ́?"

"Èrò ti kún ọ̀nà odò. Gbogbo wọn ń lọ wo ibi tí bàbá kú sí."

"Ta ni o pàdé ní kọ́nà?"

"Ẹ̀wọ̀n yá mi, Ẹ̀gbọ́n."

"Duulat!"

"Mo ní ẹ̀wọ̀n yá mi! Bí mo bá lọ sẹ́wọ̀n, màá padà wá lọ́jọ́ kan. Ìyàwó mi máa bínú sí mi, ó máa padà dárí jì mí. Ẹni yẹn ńkọ́? Bó bá gbọ́, kí ló máa fi ara rẹ̀ ṣe?"

Bí ó bá gbọ́. Shaarkan gbá ọ̀rọ̀ náà mú. Ẹni náà kò tíì gbọ́ nìyẹn. Ẹnì kan gbá bàbá yẹn pa, kò sì mọ̀ pé òun ló ṣe é, bó bá sì mọ̀, kò ní ṣe é gbé láyé fún un. Ta ló lè jẹ́ bẹ́ẹ̀ ní Kök-Jar? Àlejò kọ́. Ọ̀tá kọ́. Ó wo Duulat. Duulat wo ilẹ̀.

Ìgbà náà ló yé e. Ọmọkùnrin kan ṣoṣo ni Mamyr bí. Turat ni orúkọ rẹ̀, jíìpù Rọ́ṣíà àtijọ́ kan ló sì ń wà.

Ó dìde, kò mọ ìgbà tó dìde. Lẹ́nu ọ̀nà, Azat ní, "Ẹ̀gbọ́n, ó jẹ́wọ́?"

"Ó jẹ́wọ́," Shaarkan dáhùn. "Ì bá má ti jẹ́wọ́."

*

Wọn kò tíì sin òkú. Wọ́n ti pa àgọ́ ọ̀fọ̀ onírun sí iwájú ilé Mamyr, òkú wà nínú rẹ̀, Batma opó rẹ̀, ìyá Turat, àti àwọn obìnrin ẹbí jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, wọ́n kọjú sí ara àgọ́, wọ́n kẹ̀yìn sí ayé. Ní ìta, àwọn ọkùnrin tò, wọ́n di ìgbàdí, wọ́n fi ọ̀pá tẹ̀lẹ̀. Bí àlejò bá ti ń bọ̀, wọ́n á figbe ta, "Yéè, bàbá mi o! Òkè tí mo fẹ̀yìn tì!" Turat ló wà níwájú gbogbo wọn. Ohùn rẹ̀ ti há.

Shaarkan kò lọ bá a lójú ẹsẹ̀. Ó kọ́kọ́ yí ọgbà po. Jíìpù Rọ́ṣíà náà wà lẹ́bàá ọgbà, lójú gbogbo ayé, àwọn àlejò tilẹ̀ so ẹṣin wọn mọ́ ọn. Iná ọ̀tún rẹ̀ ti fọ́. Ẹnì kan ti ki ọ̀rá bọ ojú ihò náà, ó fi okùn so ó. Kò sí ẹni tó wò ó rí. Ta ni í wo ọkọ̀ ọmọ olókùú?

Ó gbàdúrà pé kó jẹ́ pé òun ló ṣìnà. Láti ìgbà tó ti ń ṣiṣẹ́ yìí, kò tíì gba irú àdúrà bẹ́ẹ̀ rí.

Turat rí i, ó fi ìlà sílẹ̀, ó wá bá a. "Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú àbọ̀. Ṣé ọkọ̀ yẹn ti dé? Mo fẹ́ fojú ara mi rí i bí wọ́n ṣe máa ti Duulat wọ inú rẹ̀. Ọmọ àdúgbò wa! Ẹni tí bàbá mi máa ń fún ní wàrà abo ẹṣin mu! Ó gbá a, ó fi í sílẹ̀ nínú òjò bí ajá!"

"Turat, ẹ kú ìrọ́jú. Mo ní ìbéèrè kékeré kan." Ó gbọ́ ohùn ara rẹ̀, ó jọ ohùn ẹlòmíràn létí rẹ̀. "Kí ló ṣe iná ọkọ̀ rẹ?"

"Iná ọkọ̀ mi?" Ó wo ẹ̀yìn bí ẹni tó ti gbàgbé pé òun ní ọkọ̀. "Àgùntàn ni mo gbá. Níjọ́ yẹn náà ni, nígbà tí mò ń lọ gbé ìyẹ̀fun wá láti ilé ọlọ. Ẹ sáà mọ bí ọ̀nà ṣe máa ń rí bí agbo bá ń sọ̀ kalẹ̀. Ọlọ́gbọ́n kan gbé iná burúkú bọ̀ níwájú mi, mo ṣẹ́jú iná sí i títí, kò dáhùn. Mi ò rí nǹkankan. Funfun lásán ni mo rí."

"O ò dúró?"

"Ta ní í dúró, Ẹ̀gbọ́n? Bí o bá dúró, gbogbo darandaran á ní àgùntàn òun ni, wọ́n á fi ìjà mú ẹ sùn síbẹ̀. Mo ní bílẹ̀ bá mọ́ màá wá ẹni tó ni ín, màá bẹ̀ ẹ́. Ilẹ̀ wá mọ́ …" Ó fọwọ́ sí àgọ́ náà. "Ilẹ̀ wá mọ́ bá èyí. Mo gbàgbé."

"O rí àgùntàn náà?"

"Mo rí irun rẹ̀. Ó wà lẹ́bàá títì, ó bẹ̀rẹ̀ báyìí, bí ẹni tó ń gbé …"

Ó yíjú sí jíìpù rẹ̀.

Shaarkan gbé ojú kúrò lójú rẹ̀. Kò lè wò ó. Ó gbọ́ tí ẹṣin kan ń jan pátákò mọ́lẹ̀ lẹ́bàá ọgbà, ó gbọ́ tí àwọn obìnrin ń sunkún nínú àgọ́, kò gbọ́ èémí ọkùnrin tó wà níwájú rẹ̀.

"Mo sọ fún un pé kó jókòó nílé," Turat wí níkẹyìn. "Mo ní, 'Bàbá, òjò ń rọ̀, ẹ má tẹ̀lé agbo.' Ó ní òun gbọ́. Ẹ̀gbọ́n. Báwo ni bàbá mi ṣe wọ ẹ̀wù rẹ̀? Èmi kọ́ ló gbé e wọlé. Wọ́n ti wẹ̀ ẹ́ kí wọ́n tó jẹ́ kí n rí i. Irun ẹ̀wù yẹn, ṣé inú ló wà, àbí ìta?"

Shaarkan tẹjú mọ́ ẹṣin tó wà lẹ́bàá ọgbà.

"Ẹ fún mi lésì! Ọ̀tẹ̀lẹ̀múyẹ́ sáà ni yín! Ẹ ò ṣe purọ́ fún mi?"

Ì bá purọ́. Kí Ọlọ́run má bínú sí i, ó wá irọ́ nínú gbogbo ara rẹ̀ lọ́jọ́ náà, kò rí èyí tó lè dúró. Bó bá purọ́, aláìṣẹ̀ á lọ sẹ́wọ̀n, ọmọ rẹ̀ á sì dáyé kò ní bá a. Bó bá sọ òótọ́, Turat á mọ̀ pé òun ló pa bàbá òun. Ẹ̀pà kò bóró mọ́.

"Ìta ni," ló wí.

Turat mi orí díẹ̀, bí ẹni tí wọ́n sọ fún pé ọjà ti tú. Ó fi ọ̀pá rẹ̀ ti ilẹ̀, ó sì di í mú gírígírí.

"Ẹ tú Duulat sílẹ̀," ló wí. "Kí ọkọ̀ yẹn dúró dè mí. Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sin ín. Ẹ̀gbọ́n, ṣé mo lẹ́tọ̀ọ́ láti sin ín?"

"Ìwọ nìkan ló bí. Ta ló tún máa sin ín?"

"Ẹ má sọ fún ìyá mi."

"Turat, wọ́n máa gbọ́. Ilé ẹjọ́ …"

"Kì í ṣe lónìí. Ẹ má sọ fún un lónìí."

Ó nu ojú, ó sì padà síwájú ìlà. Àwọn ọkùnrin yà fún un láàyè, wọ́n rò pé ìbànújẹ́ ọmọ rere ló ń bì í bẹ́ẹ̀. Shaarkan tẹ̀lé e díẹ̀, ó dúró, kò mọ ibi tí òun ń lọ. Wọ́n fi tíì lọ̀ ọ́, ó gbà á, kò mu ún.

Ọ̀gangan ìgbà náà ni ohùn Batma yọ láàrin ti àwọn obìnrin tó kù. Obìnrin náà mọ ohùn arò dé góńgó, àwọn tó ti ọ̀nà jíjìn wá pàápàá dákẹ́ láti gbọ́ ọ. Ó kọ́kọ́ ki ọkọ rẹ̀. Ó ní Mamyr, ìwọ tí o kì í jẹ oúnjẹ kí ẹran tó jẹ. Ó ní ìwọ tí o ń fi àyà rẹ gbé ọmọ àgùntàn sọ̀ kalẹ̀ láti orí òkè. Ó ní ta ni yóò gbé ìwọ báyìí? Lẹ́yìn náà ni ohùn rẹ̀ yí padà.

"Ẹni tó gbá ọ, tó fi ọ́ sílẹ̀ nínú òjò, Ọlọ́run tó ń gbọ́ mi, kó má rí oorun sùn láyé rẹ̀! Kí ilé rẹ̀ dahoro! Kí ìyá tó bí i wà láyé, kó fojú rẹ̀ rí i, kí ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ da iyẹ̀pẹ̀ bò ó mọ́lẹ̀!"

Àwọn àgbà ọkùnrin tẹ́ ọwọ́ méjèèjì síwájú bí wọ́n ti máa ń ṣe fún àdúrà. Wọ́n ń retí ọmọ olókùú, nítorí òun ló gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ dáhùn. Turat tẹ́ ọwọ́ tirẹ̀ náà. Ó gbójú sókè.

"Àmín," ló wí, ketekete, ó sì fi ọwọ́ méjèèjì pa ojú rẹ̀ láti òkè dé irùngbọ̀n.

"Àmín," gbogbo wọn gbè é.

Shaarkan fẹ́ ké pé kí ó má ṣẹ. Ṣùgbọ́n bí ó bá ké e, obìnrin tó wà nínú àgọ́ yẹn yóò bi í pé nítorí kí ni.